Gbólóhùn Tí Mo Fagi Lé

Ẹnu mi le. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó níwájú mi rí nílé ẹ̀kọ́ wa nítòsí Mápó tí kò mọ̀. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ti máa pariwo síra wọn pé, "Ìyá Ìpínrọ̀ ń bọ̀ o!" Àròkọ ni mò ń kọ́ wọn, ohun tó sì ń bí mi nínú jù lọ ni ìpínrọ̀ játijàti. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ lórí ọjà Bẹẹrẹ, kó tó dé àárín, ó ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó ti ń kí ìyá ìyá rẹ̀. "Kí lèyí? Ṣé àpò alágbe ni?" Ìpínrọ̀ kan, kókó kan. Ohun tí mò ń rọ sí wọn létí nìyẹn láàárọ̀ lọ́sàn-án.

Lásìkò òjò kan tí kò tíì pẹ́, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí agboolé wọn. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ agboolé àtijọ́ kan lẹ́yìn Bẹ́yẹrúnkà. Kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá bi í ní nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lá máa wò. Ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ dá lórí bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ilé láàárọ̀: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń pọnmi, àti òun tó ń bu omi àlùwàlá fún màmá àgbà. Àfi bí mo ṣe kan gbólóhùn kan láàárín: "Ògiri yàrá màmá àgbà ti là lẹ́yìn àpótí, ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún padà sórí abọ́ fífọ̀.

Mo pòṣé. Mo fi bírò pupa fagi lé e gbọọrọ, mo sì kọ ọ́ sétí ìwé pé, "Kí ni ti ògiri níbí? Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó tún àròkọ náà kọ, ó mọ́ tónítóní. Mo fún un ní máàkì tó ga jù, mo kà á sétí gbogbo kíláàsì. "Ẹ rí i? Bí wọ́n ṣe ń kọ ìpínrọ̀ nìyí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ojú ló ń tì í ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ọjọ́ kẹta, oòrùn yọ. Àwọn tó ń gbé ilé alámọ̀ mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù, torí oòrùn ló ń la ògiri tó ti mumi. Màmá àgbà kírun àílà ọ̀sán tán, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, ògiri sì wó lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sin ín.

Mo lọ kí wọn. Bàbá ọmọ náà ló gbà mí lálejò. Ó ní inú yàrá yẹn ni sàréè bàbá òun wà, ìyá sì ti ta kú pé òun ò ní fi ọkọ òun sílẹ̀ lọ gbé ilé onílé. Olórí ẹbí náà ti kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé ẹni tó bá fẹnu sọ pé ilé ń là, ilé baba rẹ̀ ló ń ṣépè fún.

"Mà, mi ò mọ̀ pé ó ti burú tó yẹn. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi ni, màá gbé ìyá mi jáde tipátipá."

Wọ́n ti dí ọmọ yìí lẹ́nu nílé. Ìwé nìkan lẹnikẹ́ni ò kà léèwọ̀ fún un, èmi ló sì kọ ọ́ sí. Títí dòní, tí mo bá di bírò mú báyìí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo lè ka gbólóhùn tó ṣìnà nígbà mẹ́wàá, mi ò ní lè fagi lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní mo ti rọ̀. Wọn ò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn yẹn, ọmọ náà gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú sí mi. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Mi ò bínú, mà. Nígbà tí ẹ ní kí n yọ ọ́, mo rò pé ẹ fẹ́ fúnra yín wá bá bàbá mi sọ ọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ má baà ṣìlé."