Oògùn Tí Mardiyah Kò Ṣe

Ọ̀rẹ́ Mardiyah ló pè é láti Erio pé, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ń ta oògùn tí o ṣe lọ́jà o." Kí ọ̀kadà tó gbé e dé ibẹ̀ láti Òkè-Ìmẹ̀sí, ó ti gbaná jẹ.

Láàbù ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni Mardiyah ti ń ṣiṣẹ́. Omi ewé efinrin ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ iyọ̀ síńkì níbẹ̀, títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun tí ojú lásán kò lè rí ẹ̀rún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwo àyẹ̀wò, ó ń pa kòkòrò àrùn bí ẹni ń tẹ èèrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pọ̀ díẹ̀ nínú omi ọmọ ẹja àrọ̀, òkú wọn ló léfòó. Gbogbo rẹ̀ ni ó sọ fún Àlàbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdajì tó dùn ni Àlàbí gbọ́.

Àlàbí ló dúró láàrin ọjà Erio yìí, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ewé ni! Ewé kì í pa ni! Ẹ fi sójú egbò, ẹ pò ó mu!" Àwòrán Mardiyah wà lára ọ̀rá oògùn kọ̀ọ̀kan.

"Bọ̀dá mi, ta ló ṣe èyí?"

Àlàbí rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo se efinrin, mo ra ìyẹ̀fun síńkì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni?"

"Ọ̀dà ni ẹ ń fún èèyàn mu!" Mardiyah já gbohùngbohùn gbà. "Ẹ̀yin ará Erio, èmi ni mo wà nínú àwòrán yìí. N kò ṣe oògùn kankan. Ẹ má mu ún!"

Ìyá arúgbó kan, Màmá Abọ́sẹ̀dé, ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. "Ó ń jinná, ọmọ mi. Kí ló dé tí o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Màmá, ojú egbò yẹn ló ń gbẹ. A ò mọ ohun tó ń ṣe nínú. Àwa tí à ń ṣe ojúlówó gan-an ò tíì dán an wò lára èèyàn."

"Ẹ̀yin ò mọ̀, àwa ń jinná," ni màmá fèsì. Ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló dun Mardiyah jù. Ó wọ́ àpò oògùn tí Àlàbí ń tà sórí ọ̀kadà, ó jókòó lé e. Àlàbí ń pariwo pé òun kò ní àbúrò mọ́. Mardiyah kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú nọ́ọ̀sì kan lọ bá Màmá Abọ́sẹ̀dé. Ìyá náà gbà kí wọ́n fọ egbò òun. Ṣùgbọ́n ó ní, "N kò ní sọ ibi tí mo fi oògùn Àlàbí tó kù sí nínú ulé mi."