Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Jẹnẹrétọ̀ fún Òkú

Ní àdúgbò wa ní Ayétòrò, òkú kì í wọlé kí ẹ̀rọ máa pariwo. Bí ọkọ̀ tó gbé òkú bá ti yọ ní ìkóríta, ẹni tó ń lọ ata á pa ẹ̀rọ rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ rédíò á pa á, gbogbo jẹnẹrétọ̀ á dákẹ́ títí wọn ó fi gbé òkú dé inú yàrá. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń bọ̀ wálé fún ìgbà ìkẹyìn, ó yẹ kó gbọ́ ohùn àwọn tó ń kí i káàbọ̀. N kò rí ẹni tó lòdì sí i rí. Èmi náà ò lòdì sí i títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ wa.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló kú. Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Òun nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé wa délẹ̀délẹ̀, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ ti Kétu wá títí dé orí ẹni tó bí bàbá wa. Mo máa ń jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí fóònù kún, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo sì pa ti inú fóònù rẹ́.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti dàgbà. Bátìrì rẹ̀ wú bí àkàrà nígbà kan, mo bá yọ ọ́ sọnù. Láti ìgbà náà, orí wáyà ló ń gbé. Bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, ọmọ Màmá, àbúrò mi obìnrin, wá bá mi. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ohùn ìyá òun sáfẹ́fẹ́ níwájú pósí, kí oríkì ilé wa lè jáde lọ́jọ́ náà, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè kì í parí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ohùn yẹn nìkan ló kù fún mi.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà, ohùn kò jáde lára rẹ̀ mọ́, mo sì ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ kí n lè kó àwọn ohùn náà jáde, kò dá a mọ̀. Ohun tó ń kọ sójú ni pé ètò tí òun fi ń ṣiṣẹ́ ti gbó, kí n gba tuntun. Mo pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́nà yunifásítì. Ó ní kí n gbà á, pé yóò dá fíláàṣì mọ̀ padà.

Kò sí iná ìjọba. Mo tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí n má ṣe pa òun, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun òkè. Wọ́n ti sọ pé ìrọ̀lẹ́ ni òkú máa ti Ìlaró dé, nítorí náà mo jáde lọ bá wọn pa àtíbàbà níwájú ilé.

Ọkọ̀ òkú ò dúró de ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ṣì wà láàárín ọ̀run nígbà tí a gbọ́ fèrè rẹ̀. Bàbá, àbúrò Màmá tó kẹ́yìn, tí àwa méjèèjì jọ ń gbélé, ló wà lẹ́yìnkùlé. Ó ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ilé ṣe. Ó lọ síbi jẹnẹrétọ̀, ó pa á.

Mo gbọ́ bí àdúgbò ṣe dákẹ́, mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti na apá kan pósí sí mi. Mo gbé e. Ta ni yóò sọ òkú kalẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà?

Nígbà tí a tún tan iná, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Àmì roboto kan yọ, ó ń yí, ó ń yí, ó kú, ó tún ara rẹ̀ tàn, ó tún ń yí. Mo yọ wáyà, mo tún un ki bọ̀ ọ́. Ó kọ ọ́ pé òun ń gbìyànjú láti padà sí bí òun ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò padà. Bàbá wá dúró lẹ́yìn mi, ó béèrè ohun tó ṣe é. Mo ní iná ló lọ mọ́ ọn lára.

“Èyí tí mo pa?”

Mo tún tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà náà. Bàbá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wọlé. N ò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ké lé e lórí.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà. Ó yí kọ̀ǹpútà wò síwá sẹ́yìn, ó ní ó dàgbà ju ìgbéyàwó òun lọ, ó sì ti fara da ìyà ju ú lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá iná lọ láàárín iṣẹ́. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe é, wọ́n sì pa á.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ ṣe é. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é ni?”

Mo sọ ìdí tí wọ́n fi pa á. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó fi fíláàṣì tirẹ̀ gbìyànjú láti jí i, kò jí. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ díìsìkì tí gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ wà nínú rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Díìsìkì náà ń dún kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Ó ní ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, pé òjijì tí iná fi lọ nígbà tó ń gba ètò tuntun lọ́wọ́ ló wá pa á lára. Àwọn àwòrán díẹ̀ jáde. Orúkọ tí mo fún àwọn ohùn Màmá náà jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ wọ́n, òfìfo ni. Ó tún wọn tẹ̀. Ó ní àwọn kan wà ní ìlú ńlá tó lè tú u yẹ̀ wò, òun ò kàn lè ṣèlérí, kò sì lè parí ṣáájú ọ̀la.

Mo sọ fún ọmọ Màmá. Kò bá mi jà, kò sì béèrè ẹni tó paná. Ó ní òun á kì í bí òun bá ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú pósí. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó pe ẹni tó ti Kétu wá, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe odò tí wọ́n kọ́kọ́ mu. Nígbà tó dé orí ọmọ wọn kẹta, ó dúró. A rò pé ó ń mí ni. Ó tún ìlà tó kẹ́yìn pè, ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá yíjú sí ibi tí mo wà.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló kàn?”

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wo Bàbá, ilẹ̀ ló ń wò. Àlùfáà tó ń darí ìsìnkú wá ṣí ìwé orin.