Abọ́ Ẹran Ọ̀bọ Tí Mo Gbé Síwájú Ìkejì Mi

Ìkejì mi kò gbọ́n. Kò tì mí lójú láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọjọ́ kan náà ni ìyá wa bí wa, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi láyé. Òun ló kọ́ jáde. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ó tọ́ ọ wò lóòótọ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò rí nǹkan mú bọ̀ ju ariwo ẹnu lọ. Ó ní oko àgbàdo àti ọ̀pẹ lọ́nà Tatonnonkon, ó ní àga iwájú nínú ìjọ rẹ̀, ó sì rò pé ọgbọ́n ayé parí síbẹ̀. Èmi ní tèmi kàwé. SVT ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́léèjì ní Adja-Ouèrè, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀ tí a ń tẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà wà ní kíláàsì mi lọ́dún tó yẹ kó ṣe BAC, ìdánwò àṣejáde kọ́léèjì. Ọmọ náà mọ̀wé. N kò mọ ibi tó ti rí ọpọlọ yẹn, àfi tó bá jẹ́ ara tèmi ló ta sí i. Ó fẹ́ di agbẹ̀bí, ó sì mọ̀ pé láìsí BAC, kò sí ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí tí yóò gba òun wọlé. Ní kíláàsì, ó ń pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀, bí a ti ń pe olùkọ́ níbí. Bí a bá dé ilé, ó ń pè mí ní Bàbá.

Ní oṣù kan ṣáá lọ́dún náà, a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ìdílé ènìyàn. Mo ya agbárí mẹ́ta sí ojú pátákó: ti ìnàkí, ti àwọn Neandatali tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ òyìnbó kí irú tiwa tó débẹ̀, àti ti àwa fúnra wa. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé ọ̀bọ tó ń jí àgbàdo wọn lóko kò bí ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀ka ẹbí ni. Bàbá ńlá kan wà láyé àtijọ́ tí kì í ṣe ọ̀bọ bíi tòní, tí kì í sì í ṣe ènìyàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tú ká bí agbo ilé ti ń tú ká, ẹlòmíràn lọ sí igbó, ẹlòmíràn lọ sí ọ̀dàn. Nínú àwọn tó ṣẹ́ kù láyé, ìnàkí ló sún mọ́ wa jù. Neandatali tún sún mọ́ wa ju ìnàkí lọ. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń sin òkú wọn, àwọn ènìyàn wa sì bá wọn bímọ kí wọ́n tó kú tán.

Mo tún sọ fún wọn bí àwọn òyìnbó ti ṣe sí Neandatali yìí, torí ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà máa ń pa mí. Nígbà tí wọ́n rò pé kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀, wọ́n yà á sínú ìwé bí ẹranko, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kùmọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ara wọn, kíá, wọ́n ya irun rẹ̀ fún un, wọ́n fún un láṣọ, wọ́n jẹ́ kó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣíọ̀! Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ọmọbìnrin tó fẹ́ di agbẹ̀bí náà ya agbárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kayé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ó sì yà wọ́n dáadáa ju bí èmi ti yà wọ́n lọ.

Kayé yẹn ni bàbá rẹ̀ ṣí nílé. Ó rí agbárí, ó fi igbe ta pé ọmọ òun ti wọ ẹgbẹ́ awo. Ó gbé kayé náà sínú omi àdúrà, ẹ gbà mí o, omi bíróò ọmọ ṣàn dànù. Nígbà tí ọmọ fi omijé ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ni, àti ẹni tó kọ́ òun, ọ̀rọ̀ náà wá burú ju ẹgbẹ́ awo lọ. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá bá mi nílé ní Ikpinlè. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìwọ lo sọ fún ọmọ mi pé ọ̀bọ ni bàbá mi?"

"Bàbá tó bí ọ náà ló bí mi, òpònú," ni mo dá a lóhùn. "N kò sọ pé ọ̀bọ ni. Mo ní ọ̀bọ bá wa tan."

"Ọ̀bọ kò bá mi tan. Ọlọ́run fi ọwọ́ mọ mí ni. Ọmọ mi kò ní ka ìwé ọ̀bọ mọ́. Bó bá di ọjọ́ Ajé, ó ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Kpoulou."

Ó sì lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú jù. Ìbejì ni wá, ẹdun sì ni ìbejì nílẹ̀ wa. Láti kékeré ni ìyá wa ti sọ fún wa pé inú igbó la ti wá bá òun, pé àwa àti ẹdun orí igi, ọ̀kan náà ni wá. Ilé wa kì í pa ọ̀bọ, a kì í jẹ ọ̀bọ, a kì í fi ṣẹlẹ́yà. Ìkejì mi ti pa gbogbo ìyẹn tì, ó ní ohun ìbọ̀rìṣà ni, ó tilẹ̀ kọ ẹ̀wà tí ìyá wa máa ń sè fún wa lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ ọ̀bọ kalẹ̀ níbi àlejò, á ní òun ti yó. Ọ̀gbẹ́ni tí ọ̀bọ kò bá tan! Ohun tí ìyá arúgbó tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé mọ̀, òun pẹ̀lú ìwé mímọ́ lábíyá kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ náà wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní wọn yóò pàdé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, pé àgbà ìjọ kan ti gbà láti bá òun dá sí i, ṣùgbọ́n bàbá òun ní àfi kí n wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí ẹ bá lè rẹ ara yín sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní kó dìde, kó lọ fọkàn balẹ̀. Bó ti lọ tán, mo bọ́ sí ẹ̀bá títì, mo ra ẹran ọ̀bọ yíyan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, mo gbé e fún obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́léèjì pé kó bá mi fi ata sè é. Mò ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń rà á.

Lọ́jọ́ Àìkú, a pé márùn-ún nínú yàrá ìkejì mi: òun, ìyá wa lórí ẹní, àgbà ìjọ náà, ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, àti èmi. Mo gbé abọ́ mi tí mo fi aṣọ dì sábẹ́ àga. Àgbà ìjọ náà sọ̀rọ̀ tó dáa, mo gbà fún un. Ó ní a kì í bá ni tan ká fa ni nítan ya. Ó ní oṣù díẹ̀ ló kù fún ọmọ, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe BAC rẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ yòówù tí bàbá kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀. Ìyá wa ní, "Àmín." Ìkejì mi fi ọwọ́ pa orí, ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn! "Bí o bá lè sọ níwájú ìyá wa pé o kò fi èmi àti ìgbàgbọ́ mi ṣe ẹlẹ́yà, kí ọmọ máa lọ sílé ìwé rẹ̀ lọ́la."

Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń dúró dè. Mo mọ̀ ọ́n, mo rí i bí ọmọ náà ti ń wo ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ìkejì mi, ojú kan náà tí mò ń rí nínú dígí láràárọ̀, mo rí i bó ti ń dúró kí n tẹrí ba fún ìgò omi àdúrà rẹ̀. Àyà mi kọ̀. Mo fa abọ́ yọ, mo tú aṣọ rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀bọ náà hàn gbangba nínú ọbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀.

"Ọ̀bọ kò bá ọ tan, àbí? Jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ níṣojú àgbà ìjọ rẹ."

Ìyá wa fi ìborùn bojú. Ìkejì mi wo abọ́ náà. Ó wá na ọwọ́, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó tún mú òmíràn. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń jẹ, ó jẹ ẹ́ kan eegun. Nígbà tó ṣe tán, ó ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi.

"Èmi tí mo ní kò bá mi tan ti jẹ ẹ́," ó ní. "Ìwọ tí o ní ó bá wa tan, ìwọ lo lọ ra ìbátan rẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ìwọ lo ní kí wọ́n fi ata sè é. Inú mi dùn pé n kò kàwé tó ọ."

Mo fa aṣọ bo abọ́ náà. Àgbà ìjọ gbìyànjú láti tún bẹ̀bẹ̀, ìkejì mi gbọ́wọ́ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà wà ní Kpoulou nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe BAC, mo lọ bá a níbẹ̀. Mo kó ìwé àti kayé tuntun dání. Mo sọ fún un pé òpònú ni bàbá rẹ̀, pé orí kunkun ló ń pa á, pé ọdún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá bí kò bá jẹ́ kó padà sí kíláàsì. Mo sọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀ dópin, ó fi eyín já òwú, ó wá kúnlẹ̀ kí mi bó ti yẹ kí ọmọ kí bàbá rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹjọ́ tèmi ni mo ní kí ẹ wá bá mi rò. Tiyín lẹ rò."