Orí Ẹja Tó Ti Jẹ́rìí

Lára firísà láàbù wa ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀gá wa fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ọn: ẸJA INÚ ÈYÍ KÌ Í ṢE OÚNJẸ, TI ÌWÁDÌÍ NI. Ó fi téèpù dè é nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí irọ́ tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé ìwádìí ẹja àti ẹranko ìgbẹ́ wa. Ó yẹ kí n mọ̀, nítorí èmi ni kọ́kọ́rọ́ firísà náà wà lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mo ni ọ̀bẹ.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe. Láti Japara ni mò ń gun ọ̀kadà wá láràárọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní Mọ́mì Láàbù, àwọn olùkọ́ ń pè mí ní Àlàájà. Mi ò tíì lọ Mẹ́kà, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹranko kíá, torí kò gùn. A ní ahun kan, a ní ọ̀yà kan tí wọ́n ki òwú sí nínú, tí kòkòrò ti jẹ létí, a sì ní olùkọ́ kan tó gboyè lórí erin, tó ń sá fún aláǹgbá. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ahun nìkan ló ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹja ló ń mú wa níṣẹ́ ṣe. Lóṣooṣù la máa ń lọ Makun-Omi, a ó gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, a ó fi rúlà wọn gígùn rẹ̀, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Tí a bá ti kọ ọ́ tán, ẹja náà ti jẹ́rìí. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹja tó bá ti jẹ́rìí kò ní ohun tó ń ṣe nínú firísà mọ́, tó bá sì di àárọ̀ Jímọ̀, màá pín in. Orí ni ti ọ̀gá, nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n ni, orí ló fi ń ṣiṣẹ́. Àárín ni ti àwọn olùkọ́, bí ipò wọn ṣe tẹ̀ léra. Ìrù ni ti dírẹ́bà. Èmi ò ní ìpín kan pàtó, ṣùgbọ́n a kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín nǹkan pé kí ló kù sára ọ̀bẹ rẹ̀.

Mo ti rí i tí wọ́n jà lórí àga, mo rí i tí wọ́n jà lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣíwájú lórí ìwé ìwádìí. Lórí ẹja, wọn ò jà rí. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń lo ọdún ìkẹyìn, ọmọbìnrin Makun-Omi, ọmọ-ọmọ apẹja. Iṣẹ́ tó ń kọ láti fi gboyè ni bí a ṣe lè mọ ọjọ́ orí ẹja àrọ̀. Inú orí ẹja ni ẹ̀rí wà: òkúta funfun méjì tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ wò ó, ẹ ó rí ìlà tó yí i ká, ìlà kan fún ọdún kan. Ọmọ náà ti kó ọgbọ̀n ẹja jọ, ṣùgbọ́n kékeré ni gbogbo wọn. Ọ̀gá wa, tó ń darí iṣẹ́ náà, yínmú sí i.

“Ọmọ ọwọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí,” ó ní. “Bí o ò bá rí àgbà kan kún un, iṣẹ́ yìí ò dúró. Ọjọ́ Ajé ni mò ń gbà á. Tí tìẹ ò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Ọdún tó ń bọ̀! Ẹja yíyan ni ìyá rẹ̀ ń tà rán an níwèé, àbúrò rẹ̀ sì ń dúró kó jáde kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà pe ilé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú láàbù, pẹ̀lú àpò kan láyà. Àrọ̀ tó wà nínú rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ mi. Bàbá ní ó pẹ́ tí òun àti ẹja náà ti ń wá ara wọn, ó ti ya àwọ̀n òun lẹ́ẹ̀mejì.

“Ṣé ẹ ó bá wa tọ́jú ẹ̀?” ó bi mí.

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀,” mo dáhùn.

Ọmọ náà wọn ẹja, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá lójú ẹsẹ̀, torí ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń la orí ẹja ti kú. Ó ní òun á yá ọ̀kan ní ẹ̀ka mìíràn lọ́jọ́ kejì, ó bá gbé ẹja sínú firísà.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo ṣí ìwé. Àrọ̀, gígùn, ìwúwo, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ti jẹ́rìí. Mo pọ́n ọ̀bẹ mi.

Ṣé mi ò mọ̀ pé ẹja rẹ̀ ni? Mo mọ̀. Mo rò pé ó ti yọ òkúta rẹ̀ ni, torí lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ a máa parí lára ẹja kí a tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò yẹ orí náà wò. Ẹja ńlá ni, ó ń wù mí í pín.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọmọ náà wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ tó yá. Ó ṣí firísà, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

“Mọ́mì, ẹja mi dà?”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè pe orúkọ Ọlọ́run. Mo kàn mú gèlè mi, mo mú un lọ́wọ́, a jọ gun ọ̀kadà kan lọ sílé ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

A bá a nídìí tábìlì. Orí àrọ̀ wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ.

“Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun,” ó ní.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ọ̀gá gbé eegun tó ń fà mu sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bó ṣe yẹ kí a máa tọ́jú ẹja ìwádìí. Ó bi mí bóyá mi ò rí ìwé tí òun lẹ̀ mọ́ firísà. Ata ṣì wà létè rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó na ọwọ́ padà sínú abọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni ọmọ náà ní, “ẹ má jẹun mọ́.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé abọ́ ọ̀gá sórí itan, ó ń tú eegun wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí òkúta kan. Ó wá èkejì títí. Ọ̀gá wá rántí pé nǹkan kan ti dún kẹ́kẹ́ léyín òun, òun sì rò pé iyọ̀ ni.

Iṣẹ́ náà wọlé lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ẹ́ wò, olùdánwò kan wá láti yunifásítì mìíràn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ìka mọ́ ìlà tó kẹ́yìn lórí ìwé iṣẹ́ náà.

“Ọgbọ̀n ẹja ní òkúta méjì-méjì. Kí ló dé tí àgbà yìí ní ẹyọ kan? Èkejì dà?”

Ọ̀gá wa, tó ti gbàgbé, na ìka sí ọmọ náà. “Dáhùn! Sáyẹ́ǹsì ò fẹ́ irọ́.”

Ọmọ náà yí sí i, ó tẹrí ba. “Ẹ̀yin lẹ gbé e mì, sà.”

Olùkọ́ erin bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Olùdánwò ní kí ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀, ó sì sọ ọ́, láti orí ìwé ńlá dé orí abọ́. Nígbà tó parí, obìnrin náà bi í léèrè ohun kan péré: ọdún mélòó ni ẹja náà?

“Ọdún mẹ́tàlá, mà.”

Ó yege. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú láàbù, ahun nìkan ló rí mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ Makun-Omi láti bẹ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó jókòó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo sọ ọ́ fún un pé a ti jẹ ẹja rẹ̀, a jẹ orí, a jẹ ìrù, èmi náà sì jẹ nínú rẹ̀. Ó so ojú àwọ̀n kan pọ̀.

“Ṣé ó dùn?” ó bi mí.

Mi ò lè purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó dùn, bàbá,” mo ní. “Ó dùn gan-an.”