Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ariwo ọkọ̀ bàbá mi ni àwọn tó ń dáko ní òdìkejì omi dáàmù Ẹ̀rínlẹ̀ fi ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti padà sílé. Ọkọ̀ ojú omi onípákó ni, ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì rẹ̀ sì wà nínú ikùn ọkọ̀ gan-an, lábẹ́ ìjókòó àárín. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í han ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará oko á di ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi. Fóònù kì í wọlé lápá ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo aago.

Ariwo yẹn náà ló ba etí bàbá mi jẹ́. Etí òsì ti kú pátápátá. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún wa pé bí Bàbá bá tún ń jókòó ti ariwo náà bẹ́ẹ̀, ọ̀tún náà á tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí làwọn tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ láyé yìí tí àwọn ò tíì gbọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni mí, inú mi sì máa ń tètè ru. Mo bínú wálé lọ́jọ́ náà ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni sàlẹ́ńsà ọkọ̀ lu. Páìpù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnì, ti dípẹtà látinú, èéfín wá ń tú sáàárín èrò. Àwọn èèyàn ń wúkọ́, ojú wọn ń pọ́n. Mẹkáníìkì wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Sẹ̀kọ́nà, ní àfi ká pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí Òṣogbo.

Oríṣi méjì ni ọlọ́jà gbé kalẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó wúwo, irú èyí tó bá ẹ́ńjìnì náà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èkejì ń dán, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ní ìkòkò ńlá kan nídìí tí omi àti èéfín á ti pàdé, tí ariwo á sì kú síbẹ̀.

“Bàbá, ẹ mọ dúdú yìí tinú tẹ̀yìn,” ni mẹkáníìkì wí. “Á ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìpẹtà náà á sì tún jẹ ẹ́ bó ṣe jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń dán yìí á pẹ́, kò sì ní pariwo. Ó kàn tóbi ni, a máa ní láti gé lára pákó ìjókòó.”

Bàbá gbé dúdú yẹn wò, wọ́n fi ìka kàn án gbọ́ngbọ́n bí ẹni tó ń ra iṣu. “Èyí tí mo mọ̀ ni mo fẹ́.”

“Bàbá, etí kan ṣoṣo ló kù fún yín!” ni mo kígbe.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí wa. Bàbá rọra gbé páìpù náà sílẹ̀. “Wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ìwó,” ni wọ́n wí. “Ó dáa, ẹ gbé tiẹ̀ fún un, kí n lè rí ìsinmi.”

Káfíńtà gé pákó, mẹkáníìkì so sàlẹ́ńsà tuntun náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà jáde, ńṣe ni ẹ́ńjìnì ń kùn lábẹ́lẹ̀. Èèyàn ń gbọ́ omi tó ń là níwájú ọkọ̀. Àwọn èrò ń ṣàdúrà, wọ́n ń bi bàbá mi bóyá ọkọ̀ òyìnbó ni wọ́n lọ gbé wá. Inú mi dùn débi pé mo ń fẹnu ara mi yin ara mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá lọ kó àwọn ará oko bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n bá létí omi. Wọ́n dúró títí, wọ́n rò pé àwọn yòókù ti fẹsẹ̀ bá ọ̀nà Awo lọ, wọ́n bá kó àwọn tí wọ́n rí, wọ́n padà. Àwa tí wọ́n fi ariwo ọkọ̀ yẹn tọ́ dàgbà, kò sí ọ̀kan nínú wa tó rò ó pé ariwo náà ló ń pe èrò.

Ìyá àgbà kan tó ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún ló sọ fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti so gèlè mọ́dìí, ó ń dúró de ọkọ̀.

“Bàbá ọlọ́kọ̀, kí ni mo fi ṣe yín? Mo jókòó sínú ahéré, mo ń retí yín, ẹ yọ́ wá bí olè, ẹ sì yọ́ lọ! Àárín ẹ̀fọn ni mo sùn!”

Bàbá bẹ̀ ẹ́, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní mẹkáníìkì máa tú nǹkan náà kúrò, dúdú ni àwọn máa fi sí i.

“Ṣé torí ẹ̀gẹ́ lẹ ṣe fẹ́ di adití?” ni mo bi wọ́n.

“Àwọn èèyàn yẹn gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ṣé kí n máa gbọ́rọ̀ nílé, kí ìyá oníyàá máa sùn sóko?”

Ẹ̀rù bà mí, mo bú sẹ́kún. Mo ń rí ọjọ́ tí màá máa fọwọ́ júwe oúnjẹ fún bàbá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá wọn sọdá kí n lè fúnra mi bẹ ìyá náà. Inú rẹ̀ ti rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ etí Bàbá fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó pòṣé.

“Ẹ̀yin èèyàn yìí náà! Tí wọn ò bá lè pè wá mọ́, ṣé àwa náà ò lè pè wọ́n ni? Ẹ wá nǹkan tí a ó máa lù.”

Rímù mọ́tò kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa tí a ń lù bí agogo kí wọ́n tó ra agogo tuntun. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí n máa gbé e lọ. A fi ṣéènì so ó kọ́ igi máńgòrò létí omi lọ́hùn-ún. Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Bí n ò bá gbọ́ ọ láàárín omi, dúdú la ó fi sí i o.” Mo gbà, torí kò sí bí mo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́.

Èmi àti wọn la jọ wa ọkọ̀ jáde. Ìyá náà ló máa lu rímù nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí a dé àárín omi, Bàbá ò dín iná ẹ́ńjìnì kù rárá. Mo di pákó mú, mi ò wo igi máńgòrò, etí ọ̀tún bàbá mi ni mo ń wò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń ka àdúrà sínú.

Lójijì, mo rí i tí wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ sápá ibi tí igi náà wà. Ìgbà tí wọ́n ti yí i tán ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irin náà dáadáa.

“Bàbá, ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ.” Wọn ò wojú mi. “Má pariwo mọ́ mi mọ́. Mo ń gbọ́ ìwọ náà.”

Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ nínú ọkọ̀ yẹn láìpariwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu, mo sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó tì wọ́n nínú yàrá.

“Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?”

“Rárá o,” ni wọ́n wí. “Ebi ń pa mí láti àárọ̀.”