Orí Tí Ó Sọnù Lára Ìkòkò

Bí tata, ìyẹn àǹtí àdúgbò wa ní ìlú Tchaourou, bá wọ ilé onílé, abọ́ omi adìẹ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Àpáàdì ìkòkò àtijọ́ tí àwọn àgbẹ̀ hú nínú ebè iṣu ló ń wá, nítorí adìẹ ni wọ́n sábà máa ń fi fún lómi. Ó ti to ìkòkò kan pọ̀, ó ku orí àlàǹgbá pupa tí wọ́n yà sí i lára.

Lọ́jọ́ tí mo bá a lọ sí abúlé Goro, ó kígbe: "Òun nìyí!"

"Tata, kí ni adìẹ mi ó wá fi mumi?" ni baálé ilé wí.

Ó fún un ní abọ́ rọ́bà. Nígbà tí a délé, ó fọ àpáàdì náà, ó fi dí ojú ihò tó kù lára ìkòkò náà. Eyín ṣọnṣọ ló yọ sí wa.

"Yéè! Ọ̀nì ni! Gbogbo bí mo ṣe ń pè é lálàǹgbá, kò sì bù mí jẹ!" ni tata wí.