Àpótí Tí Kò Lárùn

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la." Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín òní àti ọ̀la yẹn. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí.

Abẹ́ Ọ̀gá Wálé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kì í ṣe kékeré. Ojú rẹ̀ tóbi bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó sì wúwo, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà wa kì í fi í gbé e wá. Àpótí rẹ̀, tí a ń pè ní sípíù, ni wọ́n máa ń gbé lé itan lórí ọ̀kadà, wọ́n á fi ojú sílé. Àwa náà kì í béèrè. Ojú tó ń ṣàìsàn á jókòó sílé, àpótí tí ara rẹ̀ le á wá gba abẹ́rẹ́.

Báyìí ni Bàbá Tíṣà ṣe gbé tirẹ̀ wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ bíbí Ìkòsí. Ìró ìyàwó rẹ̀ ló fi di àpótí náà. Ó ní láti Sátidé ni ojú kọ̀ǹpútà òun ti dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ iná wà. Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Odindi ọdún méjì ló fi ń lọ sílé àwọn àgbà Ìkòsí, tó ń bi wọ́n bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe dé ibẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn ọmọ ò sọ mọ́. Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Mẹ́ta nínú wọn ti kú lẹ́yìn tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra bá mi ṣe é."

Ọ̀gá mi ní, "Daddy, ẹ má worry. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la."

Bí bàbá ṣe lọ tán, mo fi wáyà so àpótí náà mọ́ ojú kọ̀ǹpútà tiwa. Kíá ló jí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo tiẹ̀ rí fódà tí bàbá kọ ÌKÒSÍ sí lára. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ojú tó wà nílé bàbá ló yẹ ká lọ wò.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tóyìn, tá a bá ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kí la fẹ́ gbowó lé lórí? Fọ́ọ̀màtì ẹ̀."

Fọ́ọ̀màtì ni kí a fọ inú kọ̀ǹpútà nù pátápátá, kó dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àwọn kan nínú wa sọ ọ́ di oògùn gbogbo àrùn, nítorí pé kò gba ìrònú. Mo ní kí n kọ́kọ́ da iṣẹ́ bàbá sórí CD. Ó ní CD kì í ṣe ọ̀fẹ́, pé tí bàbá bá béèrè, kí n sọ pé fáírọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́. Mo lè bú ọ̀gá mi títí di ọ̀la, ó sì tọ́ sí i, àmọ́ ọwọ́ tèmi ló tẹ bọ́tìnnì náà.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá sanwó, ó dúpẹ́, ó gbé àpótí lọ. Kò pé wákàtí kan tó fi padà dé. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì dúdú. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ lé e lọ sílé.

Nígbà tí a dé Ìkòsí, mo fi ọwọ́ wá abẹ́ àgbọ̀n ojú kọ̀ǹpútà náà. Táyà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Wọ́n ti yí i dé òpin. Ìyàwó bàbá ní òun fi àkísà tútù nu abẹ́ ibẹ̀ dáadáa ní Sátidé tí gbogbo Èkó ń ṣe ìmọ́tótó. Mo fi ìka kan yí i padà. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere. Màmá pàtẹ́wọ́, ó ń yin Ọlọ́run.

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ó wò ó títí.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ mi dà?"

Ẹnu mi ò lè pe fáírọ́ọ̀sì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Daddy, àwa la pa á rẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, sà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Wálé sílẹ̀. Lónìí tí mo ní tèmi, ẹni tó bá gbé àpótí nìkan wá, ojú rẹ̀ tó wà nílé ni mo máa kọ́kọ́ béèrè, tó bá sì gbà, mo máa bá a délé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí Bàbá Tíṣà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń tàn yanran, tí kò pariwo mọ́ mi, tó kàn ń ka orúkọ àwọn àgbà mẹ́ta tó ti kú sórí ìka rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.